Inú, Ọkàn àti Ọpọlọ: Àyẹ̀wò Àwọn Ìwé tí Olùwádìí Èrò Yorùbá Ń Gbójú Lé

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ iṣẹ́ kan wá fún mi lórí ohun tí Yorùbá gbà pé ìrònú jẹ́. Kókó ohun tí ó kọ ni pé, lójú Yorùbá, ikùn ni ènìyàn fi ń ronú. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju pé a máa ń sọ pé inú wa dùn, pé inú ń bí wa, pé ènìyàn kan ní inú rere tàbí inú búburú. Ó wo inú nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ikùn níbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rinlẹ̀ síbẹ̀. Mo fún un ní máàkì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, tí ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìwé wo ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò kí n má baà ṣìnà?”, n kò rí ìwé kan ṣoṣo tí mo lè nawọ́ rẹ̀ sí i. Àròkọ yìí jẹ́ ìdáhùn tí ó pẹ́ kí ó tó dé sí ìbéèrè náà.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a sọ ohun tí ó mú kí ọ̀ràn ìwé ìtọ́kasí wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ka ìtàn àròsọ lè bá òǹkọ̀wé jiyàn bí ó ti ń kà á lọ. Ẹni tí ó ń ka ìwé àríwísí gan-an mọ̀ pé èrò ẹnì kan ni òun ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kì í wá iyàn wá síbẹ̀. Ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni yóò mú lọ. Nítorí náà, àṣìṣe tí ó bá wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Yóò wọ inú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò wọ inú ìwé olùkọ́, nígbà tí yóò bá sì fi pé ogún ọdún, yóò ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn ti rí lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìtọ́kasí nípa èrò tipẹ́. Láàárín ọdún 1973 sí 1974, ilé-iṣẹ́ Scribner ní New York tẹ Dictionary of the History of Ideas jáde. Philip P. Wiener ni olóòtú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwé yìí gbà ṣe ni láti mú èrò kọ̀ọ̀kan, bí òmìnira tàbí àkókò, kí ó sì tọpa rẹ̀ láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀ ṣáá: láti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́, ó di Róòmù, ó di àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ẹni tí kò bá ní ìwé mìíràn lọ́wọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé àwọn ìyókù ayé kò ronú rí. Àwọn tí ó jogún iṣẹ́ náà rí àléébù yìí, nítorí pé nígbà tí Maryanne Cline Horowitz ṣe olóòtú ẹ̀yà tuntun rẹ̀ ní ọdún 2005, ní ìdìpọ̀ mẹ́fà, ó fún Áfíríkà, Éṣíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní àyè tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìmọ̀ tuntun tí ó ń wádìí bí ẹ̀dá ṣe ń mọ nǹkan, bí ó ṣe ń rántí, tí ó sì ń ronú, ìwé ìmọ̀ tí Robert A. Wilson àti Frank C. Keil ṣe olóòtú rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé MIT ní ọdún 1999 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbé. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò rẹ̀ wù mí púpọ̀. Ẹ̀ka mẹ́fà ni àwọn olóòtú náà kó jọ: ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, sàìkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, ìmọ̀ nípa fífún ẹ̀rọ ní òye, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àti ìmọ̀ nípa àṣà àti bí ẹ̀dá ṣe di ohun tí ó dà. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá òye nípa òye ní. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti ìmọ̀ àṣà wà lára àwọn mẹ́fà náà. Èyí túmọ̀ sí pé àyè wà fún àwa tí èdè Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ wa. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: kí ni a ní tí a lè gbé lọ síbẹ̀?

A kò ṣàì ní nǹkan. Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, ó sì mú un gbòòrò ní ọdún 1852. Ohun tí ó mú ìwé ti ọdún 1852 yẹn níyì títí di òní ni pé Crowther kò fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo túmọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó sì kọjá lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó pa òwe tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹyọ. Òwe jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn ń lo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń fi ohun tí wọ́n ń lò ó fún hàn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé atúmọ̀ èdè ti ìjọ C.M.S. jáde ní Èkó ní ọdún 1913. Òun ni ó pọ̀ jù lọ ní ọwọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ wa. Ní ọdún 1958, ìwé méjì jáde: Atúmọ̀ Èdè Yorùbá ti Isaac Délànọ̀, tí ó gbìyànjú láti fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá, àti ìwé gbàǹgbà ti R. C. Abraham. Ti Abraham ni ó fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àkíyèsí jù lọ láàárín wọn, ó sì kún fún gbólóhùn àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn kò jẹ mọ́ ìwádìí èrò, kí ó rántí pé àmì ohùn nìkan ni ó ya ọpọlọ tí ó wà lágbárí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ń fò kiri létí odò.

Mo mọ rírì àwọn ìwé wọ̀nyí, mo sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n tó fún ẹni tí ó ń wádìí èrò. Àkọ́kọ́ ni pé èdè méjì ni ó pọ̀ nínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń ṣe adájọ́. Bí ọkàn bá gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta láti túmọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń kà á yóò rò pé ọkàn ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní, kí ó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín in sí mẹ́ta. Èkejì ni pé kò sí ọdún nínú wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tiwọn ní ọdún 1857, ìpinnu wọn ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wá pẹ̀lú àwọn gbólóhùn tí ó ti jẹyọ, tí a kọ ọdún sí lára. Apá kìn-ín-ní jáde ní 1884, ìyókù kò sì parí títí di 1928. Nítorí iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yí ìtumọ̀ padà. Ní ti Yorùbá, a lè sọ pé àlàáfíà, sùúrù àti sábàbí ti èdè Lárúbáwá wá, ṣùgbọ́n kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó to ẹ̀rí jọ ní ọdún-dé-ọdún nípa bí àlàáfíà, tí ó tan mọ́ ìlera, ṣe di ohun tí a ń lò fún àìsí ogun pẹ̀lú.

Àìsí ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti inú Bíbélì Yorùbá àtijọ́. Níbi tí Ìyìn Rere Mátíù ti sọ ohun mẹ́ta tí ènìyàn yóò fi fẹ́ Ọlọ́run, èdè Gíríìkì lo kardia, psyche àti dianoia. Èyí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ àyà, èkejì jẹ mọ́ ẹ̀mí tí ó wà nínú ènìyàn, ẹ̀kẹta jẹ mọ́ òye. Àwọn ògbufọ̀ Yorùbá fi àyà sí ipò àkọ́kọ́, wọ́n fi ọkàn sí ipò kejì, wọ́n sì fi inú sí ipò kẹta. Ẹ wò ó dáadáa: inú ni wọ́n fún ní iṣẹ́ òye. Lónìí, bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún ibùdó òye, ọkàn ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, bí kò bá sọ pé ọpọlọ. Ó dájú pé nǹkan ti yí ipò padà láàárín àkókò yẹn sí àkókò yìí. Nígbà wo? Lọ́wọ́ ta ni? Ṣé ilé-ìwé ni, tàbí ìwé ìròyìn, tàbí ilé ìwòsàn? Ìtàn èrò gan-an nìyí, orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ó sì dúró lé. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó to ìtumọ̀ gbogbo sí ojú kan bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni a bí wọn ti pa ìtàn náà rẹ́.

Ní ọdún 1969, Quentin Skinner, onímọ̀ ìtàn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àròkọ kan tí ó fi tako àwọn tí ń ṣe bí ẹni pé èrò kan náà ni ó ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìyí padà. Ó ní ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tí ẹni tí ó lo ọ̀rọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ní àkókò tirẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí wúlò fún wa gidigidi. Nígbà tí a fi Èṣù túmọ̀ orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run nínú Bíbélì, kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ni a ṣe; a gbé ìdájọ́ lé òrìṣà kan lórí. Ọ̀pọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí, n kò níí tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí kò pariwo, bí inú àti ọkàn, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn nítorí pé a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìpinnu kankan wáyé.

Ìgbàgbọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kà. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní agbègbè Èkìtì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìmọ̀, lẹ́nu àwọn àgbà wọ̀nyí, jẹ́ ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí tí ó sì yé e. Ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà. Bí a bá gba èyí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé, tí a ń pè ní ìmọ̀, jẹ́ ìgbàgbọ́. Ìwé náà já fáfá ní ti pé ó kọ̀ láti jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n mo ní àríwísí kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣègùn agbègbè kan ní àkókò kan ni ó gbé yẹ̀ wò. Láti ọdún 1850, tí ìtumọ̀ Ìwé Róòmù ti Crowther jáde, ìgbàgbọ́ ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn lẹ́nu àwọn Yorùbá, débi pé onígbàgbọ́ di orúkọ tí a ń pe Kristẹni. Nínú Ìwé Róòmù yẹn kan náà sì ni Pọ́ọ̀lù ti so ìgbàgbọ́ mọ́ gbígbọ́. Nítorí náà, nígbà tí àgbà kan bá sọ ní ọ̀rúndún ogún pé gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́, ṣé ohùn àwọn baba ńlá rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́ ni, àbí ohùn ìwàásù ti dà pọ̀ mọ́ ọn? Hallen àti Ṣódípọ̀ kò jẹ̀bi bí wọn kò bá lè yanjú èyí. Ìwé ìtọ́kasí tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kò sí.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1990, Eve Sweetser, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ rírí ni ó sábà máa ń di ọ̀rọ̀ fún mímọ̀ àti òye, pé gbígbọ́ máa ń jẹ mọ́ ìgbọràn. Inú àwọn èdè Yúróòpù àti àwọn ìbátan wọn ni ẹ̀rí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọdún 2000, Nicholas Evans àti David Wilkins fi àwọn èdè onílẹ̀ Ọsirélíà dá a lóhùn: níbẹ̀, gbígbọ́ ni ó ń di mímọ̀. Kí ni Yorùbá ìbá sọ bí a bá pè é wá jẹ́rìí? Ìbá sọ pé gbọ́ ni a fi ń sọ ti ohùn tí ó wọ etí, òun náà ni a fi ń sọ pé a gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ẹni tí èdè bá yé ni a ń sọ pé ó gbọ́ èdè. Ọmọ tí ó ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe gbọ́ràn. Òye àti ìgbọràn wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Síbẹ̀, ojú inú wà, a sì ń sọ pé a rí òye ọ̀rọ̀. Èdè wa kò gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn ayé ń fẹ́, ṣùgbọ́n olùwádìí tí ó wà ní ìlú òkèèrè kò lè rí i nínú ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin sí iwájú gbọ́ tí ó sì dákẹ́.

Ó wá yẹ kí n kìlọ̀, nítorí pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣubú ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé náà ti ń ṣubú. Àkànlò èdè kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Gbogbo wa ni a ń sọ pé oòrùn yọ, pé oòrùn wọ̀, a sì mọ̀ pé ayé ni ó ń yí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ìbá tilẹ̀ rí ẹ̀rí tí ó lágbára ju èyí tí ó lò lọ bí ó bá tú ronú palẹ̀, nítorí pé inú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé kì í ṣe ikùn ilé, inú ìwé kì í ṣe ikùn ìwé. Abẹ́nú, ibi tí ojú ẹlòmíràn kò dé, ni inú jẹ́ kí ó tó jẹ́ ikùn. Bákan náà ni ẹlòmíràn lè sọ pé ronú àti rokà jọra, pé à ń ro èrò bí a ti ń ro ọkà. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, nítorí náà ìjọra ohùn wọn kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá ní ìwé tí yóò ká a lọ́wọ́ kò yóò kàn máa hun ìtumọ̀ bí ó ti wù ú ni.

Ewu méjì ni ó ń bẹ nínú irú ìhunkúhun bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ń wádìí lónìí ni Ọ̀rúnmìlà ti mọ̀ tán. Àwọn mìíràn yóò sọ pé a kò ní èrò kan nípa òye àfi èyí tí míṣọ́nnárì kó wá. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni àwọn bíi Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin tọ̀, ẹni tí ó wo ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991, tí ó sì béèrè iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Sophie Olúwọlé, tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2018, gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 2014, ó sì fi ìgboyà pe ayé wá wò ó. Mo yin ìgboyà náà. Ṣùgbọ́n ìgboyà kò lè rọ́pò àkójọ ẹ̀rí, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá a kó jọ.

Báwo ni ìwé tí a ń wí yìí yóò ṣe rí? Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wá pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti jẹyọ, ọdún rẹ̀, àti ẹ̀ka-èdè tí a ti gbọ́ ọ. Ohun èlò kò wọ́n wa. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà láti 1859 sí 1867. Akéde Èkó ti I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Ọdún ń bẹ lórí gbogbo ìwé ìròyìn. Ẹsẹ Ifá kò ní ọdún, ṣùgbọ́n a lè kọ ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀ àti ìlú babaláwo tí ó kì í. Ní Kúbà, Lydia Cabrera ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Lùkùmí jáde ní 1957. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà níbẹ̀ tí ó sì wà nílé ṣeé ṣe kí ó ti wà kí àwọn ẹrú tó kúrò nílé. Yíwọlá Awóyalé ti fi àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó jáde ní 2008, la ọ̀nà. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ní 1990 sì ti fi hàn pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa bá jókòó pọ̀, iṣẹ́ ń parí.

A máa ń sọ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tọwọ́ bọ àpò náà kò níí rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gboyè jáde, ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn báyìí. N kò mọ ohun tí ó ń sọ fún wọn nípa inú. Bí ó bá ṣì ń sọ pé ikùn ni Yorùbá fi ń ronú, ẹ̀bi rẹ̀ kéré. Ẹ̀bi tí ó tóbi wà lọ́rùn àwa tí ó wá bá fún ìwé, tí a fún ní máàkì.